Bí a ṣe ń fi ìwé òfin Nàìjíríà ja ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ìdájọ́ ikú, l'Abuja àti lókè Ọya

Bí adájọ́ bá ti dájọ́ ikú fún èèyàn ẹni, ọ̀rọ̀ tí ẹbí sábà máa ń bá wọ ọ́fíìsì lọ́yà ni pé ìjọba ò láṣẹ láti gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni, pé ìwé òfin orílẹ̀-èdè (Constitution) ti fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè. Òótọ́ ni, abala 33 sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n abala kan náà ló yọ ẹni tí kóòtù bá dá lẹ́bi ọ̀ràn, tí wọ́n sì dájọ́ ikú fún, kúrò nínú ààbò yẹn. Ní 1998, nínú ẹjọ́ Onuoha Kalu v. State, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbé e yẹ̀ wò dáadáa. Ìwé òfin 1979 ni wọ́n lò nígbà náà, ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti 1999. Wọ́n gbọ́ nípa ìdájọ́ South Africa ti 1995, ìyẹn Makwanyane, tó fòpin sí ìjìyà ikú lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n sì ní ìwé òfin South Africa ò ní àyọkúrò tó wà nínú tiwa. Bí wọ́n ṣe ti ilẹ̀kùn yẹn nìyẹn. Lọ́yà tó bá gbé gbogbo ẹjọ́ oníbàárà rẹ̀ lé orí pé ìjìyà ikú fúnra rẹ̀ ò bófin mu, ó ń fi ọjọ́ ayé ẹni ẹlẹ́ni ṣòfò ni.

Abala 36, lórí ìgbẹ́jọ́ òdodo, ni ìwé òfin ti sábà máa ń gba èèyàn là. Bí wọ́n ṣe ka ẹ̀sùn, èdè tí wọ́n fi kà á, ẹni tó dúró ti olùjẹ́jọ́, bí ọlọ́pàá ṣe rí ìwé ìjẹ́wọ́ gbà: àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń wó ìdájọ́ lulẹ̀. A kọ èyí fún àwọn lọ́yà tí ẹjọ́ ikú ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ wọn, àti fún àwọn ará wa ní Sabon Gari ní Kano, ní Kaduna, ní Nyanya àti Kubwa, tí wọ́n ní láti mọ ohun tó yẹ kí wọ́n bi lọ́yà wọn léèrè.

Ọjọ́ tí òfin fún yín, àti ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé

Láti ilé ẹjọ́ gíga sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ọjọ́ 90 ni. Láti ibẹ̀ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ọjọ́ 30 péré. Ọjọ́ tí adájọ́ dá ẹjọ́ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ìwé ìdájọ́ tẹ̀ yín lọ́wọ́, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ẹbí rówó lọ́yà kó jọ. Ìkejì yìí ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn sí gbangba, nítorí pé 90 àkọ́kọ́ ti mọ́ wọn lára. Bí lọ́yà yín bá ti gbọ́ ìdájọ́ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lónìí, kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé lọ́la. Ó lè fi ìdí kan péré bẹ̀rẹ̀, kó tọrọ àyè láti fi èyí tó kù kún un nígbà tó bá rí ìwé ìdájọ́ gbà.

Ẹ ò nílò ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni. Abala 241(1)(e) fún ẹni tí ilé ẹjọ́ gíga dájọ́ ikú fún ní ẹ̀tọ́ láti pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, abala 233(2)(d) sì ṣe bẹ́ẹ̀ bí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn bá fọwọ́ sí ìdájọ́ ikú náà. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ lè bẹ̀bẹ̀ fún àfikún, kí ẹ sì búra lórí ìdí tí ẹ fi pẹ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gba irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 2025 nínú ẹjọ́ Yahaya Sharif-Aminu, akọrin kan láti Kano tí ilé ẹjọ́ Sharia dájọ́ ikú fún. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni torí ìyẹn sùn.

Ilé ẹjọ́ tó dá ẹjọ́ náà gan-an lẹ ó ti fi ìwé sílẹ̀, lọ́dọ̀ rẹ́jísírà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́wọ̀n náà fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ní 2007, nínú ẹjọ́ Uwazurike v. Attorney-General of the Federation, wọ́n da ìwé nù nítorí pé lọ́yà ló fọwọ́ sí i dípò ẹni tó ni ẹjọ́. Òfin kóòtù ti dẹ̀ díẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ìrìn àjò kan sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹjọ́ tó lè dàwátì. Bí kò bá mọ̀wé, kó tẹ̀ka, kí ẹ sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé wọ́n ka ìwé náà sí i lédè Yorùbá, pé ó yé e, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kà á.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ẹ̀dà tí kóòtù ti lù lóǹtẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n, kí ẹ mú òmíràn lọ sí ọ́fíìsì Attorney-General ìpínlẹ̀ náà (tó bá jẹ́ Abuja, ti ìjọba àpapọ̀), kí wọ́n sì fọwọ́ síwèé pé àwọn gbà á. Ẹni tó bá ń wo èyí bí àṣejù, kó ka Bello v. Attorney-General of Oyo State, 1986. Wọ́n pa ọkùnrin náà nígbà tí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn rẹ̀ ṣì wà nílé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ bẹnu àtẹ́ lu ìjọba Ọ̀yọ́, wọ́n ní kí wọ́n san owó ìtánràn fáwọn tó fi sáyé lọ. Òkú ò gbọ́ ìdájọ́ yẹn. Àwọn kan á ní wọn ò pa èèyàn mọ́ ní Nàìjíríà. Wọ́n so mẹ́rin kọ́ ní Benin ní June 2013, wọ́n tún so mẹ́ta kọ́ níbẹ̀ kan náà ní December 2016.

Ẹ ka àkọsílẹ̀ ẹjọ́ kí ẹ tó ronú kan ìwé òfin

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kóòtù ò wúlò fún yín àfi èyí tó bá wà nínú àkọsílẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀, kí ẹ sì bèèrè láti fi wé èyí tí adájọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ìyàtọ̀ máa ń wà. Ìwé tí ọlọ́pàá gbà sílẹ̀ lédè Yorùbá tàbí Hausa sábà máa ń sọnù, tó bá jẹ́ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n tẹ̀. Bí nǹkan bá yọ tàbí tí wọ́n bá ṣì í kọ, ariwo lórí ìdúró ò lè tún un ṣe: ẹ búra sí ìwé tó sọ àṣìṣe náà lójú ewé rẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí adájọ́ tàbí rẹ́jísírà tó gbọ́ ẹjọ́. Bí ẹ ò bá ṣe é, kóòtù á gbà pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ náà ló rí.

Ẹ ṣí i sí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ka ẹ̀sùn. Ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ kì í sábà ju ìlà mẹ́ta lọ. Olùjẹ́jọ́ wà ní kóòtù. Wọ́n ka ẹ̀sùn sí i, wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀. Ó ní òun ò jẹ̀bi. Ó parí. Èdè wo ni wọ́n fi kà á? Ta ló túmọ̀ rẹ̀? Ṣé ẹni náà búra? Ṣé adájọ́ kọ ọ́ pé ó dá òun lójú pé ó yé olùjẹ́jọ́? Nínú Kajubo v. State, 1988, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi lélẹ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ mú olùjẹ́jọ́ wá láìsí ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀, kí wọ́n ka ẹ̀sùn kí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ lédè tó gbọ́, kí wọ́n sì bi í lójú ẹsẹ̀ bóyá ó jẹ̀bi. Bí èyí bá kùnà, gbogbo ìgbẹ́jọ́ tó tẹ̀ lé e dòfo.

Ẹ má tíì yọ̀. Láti ìgbà yẹn, àwọn adájọ́ àgbà ti ń sọ ọ́ léraléra pé kò pọn dandan kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí lọ́yà bá wà níbẹ̀ tí kò lanu, wọ́n á gbà pé ohun gbogbo lọ bó ṣe yẹ. Ìlà tó sọnù nìkan ò tó. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni ìlà tó sọnù pẹ̀lú ẹ̀rí, lára àkọsílẹ̀ kan náà, pé ẹ̀sùn ò yé olùjẹ́jọ́.

Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n yí ẹ̀sùn padà láàárín ẹjọ́. Lókè Ọya, ó wọ́pọ̀ kí ìjọba bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpànìyàn tí ò la ikú lọ, abala 222 ìwé òfin ọ̀daràn Penal Code, kí wọ́n tó gbé e lọ sí 221 tó la ikú lọ. Bí wọ́n bá yí i, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un kà, kí olùjẹ́jọ́ sì tún dáhùn. A ti rí àkọsílẹ̀ tí ìdáhùn kejì ò sí nínú rẹ̀ rárá.

Èdè: ibi tí àwọn ará wa ti ń fara gbọgbẹ́ jù

Ẹni tó ti ń tajà ní Kano láti ogún ọdún á sọ pé òun gbọ́ Hausa. Hausa ọjà nìyẹn. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń ṣàlàyé ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó pète láti pa èèyàn àti ẹni tó fi ìbínú ṣe é. Ọlọ́pàá bi í, "Ṣé o gbọ́ Hausa?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà lọ, wọ́n ti kọ ọ́ sínú fáìlì pé Hausa lèdè rẹ̀.

Abala 36(6)(a) ní kí wọ́n sọ ẹ̀sùn fún un ní kíákíá lédè tó yé e, pẹ̀lú kúlẹ̀kúlẹ̀. Abala 36(6)(e) fún un ní ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Àmọ́ nínú State v. Gwonto, 1983, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní olùjẹ́jọ́ tàbí lọ́yà rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ fún adájọ́ nígbà ìgbẹ́jọ́ pé èdè ò yé òun. Bí wọ́n bá dákẹ́, tí wọ́n wá gbé e dìde nígbà kòtẹ́milọ́rùn, ó ti pẹ́, àfi tí wọ́n bá lè fi hàn pé àìṣòdodo ti wáyé nítorí rẹ̀. Ìmọ̀ràn wa fún ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà nílé ẹjọ́ gíga: ẹ ní kí lọ́yà dìde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó bèèrè ògbufọ̀ Yorùbá, kó sì rí i pé adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ní iṣẹ́ tó le jù. Ẹ lọ sí ojú ewé tí ìjọba ti ń bi í léèrè, kí ẹ wá ibi tí ìdáhùn ò bá ìbéèrè mu. "Nígbà wo lo kúrò nílé?" "Èmi nìkan ni." Irú ìdáhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ojú ewé wọn, lágbára ju ọ̀rọ̀ òfin ojú ewé mẹ́wàá lọ.

Lẹ́yìn náà, ìwé ìjẹ́wọ́. Ọlọ́pàá tó gbọ́ Yorùbá ló ń túmọ̀, ọlọ́pàá mìíràn ló ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Olalekan v. State, 2001, sọ pé ẹni tó túmọ̀ àti ẹni tó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ wá jẹ́rìí. Bí ògbufọ̀ ò bá wá, àgbọ́sọ lásán ni ìwé náà, kò sì yẹ kí kóòtù gbà á. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ lókè Ọya ló ti wó nítorí èyí nìkan, torí pé wọ́n máa ń gbé ọlọ́pàá láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, tí ìjọba ò sì wá a rí.

Ẹ ṣọ́ra níbí, torí àwọn lọ́yà máa ń pa ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Bí olùjẹ́jọ́ bá sọ pé wọ́n lu òun kó tó sọ̀rọ̀, adájọ́ gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́ dúró, kó ṣe ẹjọ́ inú ẹjọ́ láti mọ̀ bóyá ó tinú rẹ̀ wá, gẹ́gẹ́ bí abala 29 òfin ẹ̀rí ọdún 2011. Bí ó bá sọ pé òun ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n á gbà á wọlé, adájọ́ á sì pinnu níkẹyìn bí ó ṣe wúwo tó. Ẹni tó bá sọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ti ba ara rẹ̀ jẹ́. L'Abuja, òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ọdún 2015 tí wọ́n ń pè ní ACJA ní kí lọ́yà tàbí ẹlòmíràn tí olùjẹ́jọ́ yàn wà níbẹ̀ nígbà tí ọlọ́pàá ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ìwé náà ní orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ ní tiwọn, ẹ má fi ti Abuja dá ẹjọ́ Kaduna.

Bí kò bá ní lọ́yà

Josiah v. State, 1985: wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ikú láìsí lọ́yà fún olùjẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fagi lé e. Ní Kano, ilé ẹjọ́ Sharia ti Hausawa dájọ́ ikú fún Sharif-Aminu ní August 2020. Ilé ẹjọ́ gíga Kano wọ́gi lé e ní January 2021, nítorí pé kò ní lọ́yà. Nítorí náà, ẹ ka orúkọ lọ́yà lójú ewé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n kọ pé "lọ́yà ò wá, ẹlẹ́rìí kẹrin tẹ̀ síwájú" ni kí ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí.

Ohun tí ẹbí kì í fẹ́ gbọ́ ni pé ìṣẹ́gun irú èyí kì í sábà yọrí sí òmìnira. Wọ́n á ní kí wọ́n tún ẹjọ́ gbọ́, bí wọ́n ṣe ṣe ní Kano. Abodundun v. The Queen, 1959, ló fi òṣùwọ̀n lélẹ̀: ṣé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ lágbára tó yàtọ̀ sí àṣìṣe náà, ṣé kò sí ohun tó máa sọ ìgbẹ́jọ́ kejì di ìnilára, ṣé ọ̀ràn náà wúwo, ṣé kíkọ̀ láti tún un gbọ́ ò ní dá àìṣòdodo tó ju èyí lọ sílẹ̀. Kí ẹ tó dé iwájú adájọ́ ni kí ẹ ti kọ èsì sí i: ọdún mélòó ló ti lò lẹ́wọ̀n, ẹlẹ́rìí wo ló ti kú, ẹ̀rí wo ló ti sọnù. Lọ́yà tó bá gbàgbé apá yìí, tó kàn ní "wọ́n ò fún un ní lọ́yà", á borí, oníbàárà rẹ̀ á sì padà sí àgọ́ olùjẹ́jọ́ fún ọdún mẹ́fà mìíràn.

Ọjọ́ orí

Ọjọ́ tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ lẹ ó wò, ẹ gbàgbé ọjọ́ ìdájọ́. Modupe v. State, 1988, ti sọ pé adájọ́ ò gbọ́dọ̀ dájọ́ ikú fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 nígbà náà. Abala 405 ACJA gbé e sí 18 l'Abuja, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ọdún 2003 náà sì kọ̀ ọ́ pátápátá. Ní 2014, ilé ẹjọ́ ECOWAS dá Nàìjíríà lẹ́bi lórí ọmọbìnrin kan láti Katsina tí wọ́n dájọ́ ikú fún lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó ṣì kéré. Ẹ wá ìwé ìbí, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, rẹ́jísítà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìwé ìrìbọmi tàbí ti mọ́ṣáláṣí. Ọjọ́ orí tí ọlọ́pàá kọ sórí ìwé, ó sábà máa ń jẹ́ àfojúdá. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí nínú àkọsílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ bẹ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kí wọ́n gba ẹ̀rí tuntun.

Ilé ẹjọ́ Sharia

Ìpínlẹ̀ 12 ló ń lo òfin ọ̀daràn Sharia, Zamfara ló sì ṣíwájú. Abala 36(12) sọ pé wọn ò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi àfi lórí ọ̀ràn tí òfin kọ sílẹ̀, tí òfin sì kọ ìjìyà rẹ̀. Láti ìgbà Aoko v. Fagbemi, 1961, ni wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ yìí tú obìnrin kan sílẹ̀ lórí àgbèrè, torí pé kò sí òfin kíkọ níhà gúúsù tó sọ ọ́ di ọ̀ràn. Àmọ́ Kano ti kọ tirẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 2000, nítorí náà ọfà yẹn nìkan ò bà á mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn lọ́yà ń gbé abala 10 dìde, pé ìjọba ò gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ti ìjọba, àti 38 lórí òmìnira ẹ̀sìn. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ò gbà bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ Sharif-Aminu ní August 2022. Ọ̀rọ̀ náà ti wà níwájú ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ.

Ẹ má fi ìwé òfin nìkan ja ẹjọ́ Sharia. Nínú àwọn obìnrin tí wọ́n dájọ́ ikú fún lórí àgbèrè, Safiya Hussaini bọ́ ní Sokoto ní 2002, Amina Lawal bọ́ ní Katsina ní 2003, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Sharia fúnra rẹ̀ ló sì tú wọn sílẹ̀: ọ̀ràn Safiya ti ṣẹlẹ̀ kí òfin náà tó dé, adájọ́ kan péré ló jókòó lórí ti Amina dípò mẹ́ta. Àwọn adájọ́ yẹn ń fetí sí ìlànà tiwọn. Ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀ pọ̀.

Ẹ ṣọ́ ọ̀nà tí ẹ máa gbà lọ sókè. Abala 244 fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Sharia lọ sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ogún àti irú wọn nìkan. Kò sọ nǹkan kan nípa ọ̀ràn. Ní Kano, ilé ẹjọ́ gíga ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà gbà, kí wọ́n tó lọ sókè. Ẹ wo òfin ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó fi ìwé sílẹ̀, torí ẹni tó bá ṣìnà síbí ti ṣòfò ọjọ́ 90 rẹ̀.

Kíkọ ìdí kòtẹ́milọ́rùn

Àpẹẹrẹ kan nìyí, tí a ṣe fún ìlò yìí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi kọ ọ́ ní kóòtù.

Adájọ́ ṣi òfin lò nígbà tó gba Ẹ́síbíìtì C, ìwé ìjẹ́wọ́, wọlé, tó sì gbé ẹ̀bi kà á lórí. Kúlẹ̀kúlẹ̀: ẹlẹ́rìí kẹta ìjọba, tó kọ ìwé náà, sọ lójú ewé 47 pé òun ò gbọ́ Yorùbá, ó ní ọlọ́pàá mìíràn ló ń túmọ̀, ìjọba ò pe ọlọ́pàá náà, nípa bẹ́ẹ̀, olùjẹ́jọ́ pàdánù ẹ̀tọ́ abala 36(6)(d) láti bi ẹlẹ́rìí tó ta kò ó léèrè, yàtọ̀ sí Ẹ́síbíìtì C, kò sí ẹ̀rí tó so ó mọ́ ikú náà.

Kúlẹ̀kúlẹ̀ tó kẹ́yìn yẹn ló ń gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Bí ẹlẹ́rìí méjì bá rí i tó gún èèyàn lọ́bẹ, ìwé ìjẹ́wọ́ lè jáde kúrò nínú ẹjọ́, kó má sì yí nǹkan kan padà. Ìdí kòtẹ́milọ́rùn tó kàn sọ pé "wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ ìgbẹ́jọ́ òdodo lójú," láìsí ojú ewé, ni àwọn adájọ́ ń kọjá lórí rẹ̀ láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Lórí ẹ̀rí lápapọ̀, ẹ má kọ pé ìdájọ́ "lòdì sí ìwọ̀n ẹ̀rí". Ti ẹjọ́ owó àti ilẹ̀ nìyẹn. Láti Aladesuru v. The Queen, 1955, ohun tí wọ́n ń kọ nínú ẹjọ́ ọ̀ràn ni pé ìdájọ́ ò mọ́gbọ́n dání, ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ò sì lè gbé e dúró. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ohun tí ẹ ò sọ nísàlẹ̀ dìde, ẹ gba ìyọ̀ǹda, àfi tó bá jẹ́ pé ó kan agbára kóòtù láti gbọ́ ẹjọ́ náà.

Ẹ ṣírò ọjọ́ láàárín ọ̀rọ̀ ìkẹyìn àwọn lọ́yà àti ìdájọ́. Abala 294 fún adájọ́ ní ọjọ́ 90. Ṣùgbọ́n 294(5) ní ìdájọ́ tó pẹ́ kì í ṣòfo àfi tí ẹ bá fi hàn pé ó pa yín lára, nítorí náà ẹ wá ibi tí adájọ́ ti gbàgbé ohun tí ẹlẹ́rìí sọ. Ìwé àlàyé tí wọ́n ń pè ní brief: ọjọ́ 45 fún ẹni tó pẹjọ́ lẹ́yìn tó gba àkọsílẹ̀, 30 fún ìjọba, 14 fún èsì.

Ìjìyà tí adájọ́ ò lè dín kù

Ohun kan tí Kalu ò yanjú tán ni òfin tó fi dandan lé e pé ikú nìkan ni, tí adájọ́ ò fi lè wo ọjọ́ orí, ìmúbínú tàbí irú èèyàn tí olùjẹ́jọ́ jẹ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Uganda ti ní kò bófin mu (Kigula, 2009), Kenya náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ (Muruatetu, December 2017). Àwọn kóòtù wa ṣì ń sọ pé bí òfin bá ní "dandan", ọwọ́ adájọ́ wà ní dídè. Ẹ gbé e dìde síbẹ̀, lórí abala 34(1)(a) lórí ìyà tí kò yẹ ọmọ èèyàn àti 36, nísàlẹ̀ gan-an, kí ẹ lè ní in lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá dókè. Àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wà lára òfin wa, ṣùgbọ́n Abacha v. Fawehinmi, 2000, ti fi í sábẹ́ ìwé òfin. Bí ẹ bá fẹ́ kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kúrò lórí Kalu, ẹ kọ ọ́ ní ìpínrọ̀ ọ̀tọ̀ nínú brief, kí ẹ sì sọ ìdí tó fi jẹ́ àṣìṣe tàbí tó ń dá àìṣòdodo sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wà lórí ìtumọ̀ ìwé òfin tàbí orí kẹrin rẹ̀, adájọ́ méje ló gbọ́dọ̀ jókòó, gẹ́gẹ́ bí abala 234. Ẹ bèèrè wọn.

Nígbà tí kóòtù bá parí

Ẹni tí ikú wà lórí rẹ̀ kò pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbogbo. Nemi v. Attorney-General of Lagos State, 1996, ló fìdí èyí múlẹ̀, nítorí náà ó lè lo abala 46 àti ìlànà ọdún 2009 lórí bí a ṣe ń gbèjà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní kóòtù láti pẹjọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ tàbí bí ó ti pẹ́ tó. Ilé ẹjọ́ ECOWAS, tó wà l'Abuja níbí, kò béèrè pé kí ẹ kọ́kọ́ parí gbogbo ilé ẹjọ́ Nàìjíríà.

Fún àforíjì, bí ó bá jẹ́ òfin ìpínlẹ̀, gómìnà ni, abala 212. Fún Abuja, ààrẹ ni, abala 175.

Èyí tí kò tó ẹni tó mọ̀ ọ́n ni òfin ilé ìtọ́jú ẹlẹ́wọ̀n ọdún 2019, abala 12(2)(c). Bí ẹlẹ́wọ̀n bá ti lo gbogbo ẹ̀tọ́ kòtẹ́milọ́rùn rẹ̀, tí ọdún 10 sì kọjá láìpa á, adájọ́ àgbà (Chief Judge) lè sọ ìdájọ́ ikú di ẹ̀wọ̀n gbére. Ẹ kọ lẹ́tà sí adájọ́ àgbà, kí ẹ fi ẹ̀dà ìdájọ́ ilé ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn, ìwé láti ọwọ́ ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n lórí ìwà rẹ̀ àti ọjọ́ tó wọlé, àti ìwé dókítà bí àìsàn bá wà. Bí kò bá sówó lọ́yà, ẹ lọ sí Legal Aid Council ní ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ mú nọ́ńbà ẹjọ́ náà lọ́wọ́. Fáìlì kì í ṣí láìsí i.